Ilẹ̀ ilé ni mo tún ṣe, mi ò tún ológbò ṣe

Aránṣọ ni mí. Kubwa ni mo ń gbé, ní Àbújá níbí. Ẹni tó bá wọ yàrá tí mo ti ń ránṣọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹní ló máa kọ́kọ́ rí: ẹní lábẹ́ máṣìnnì, ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ẹní láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì dé ìdí àwo oúnjẹ. Oníbàárà kan tiẹ̀ bi mí bóyá mo ti di wòlíì. Rárá o. Nítorí Dúdú àti Tàgé ni.

Ológbò ni wọ́n, ọmọ ìyá kan náà, wọ́n ti lé ní ọdún 4 báyìí. Bí wọ́n bá dìde, ẹsẹ̀ wọn á ya gbàgà, orí á máa gbọ̀n, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ sókè ju bó ṣe yẹ lọ bí ẹni tó ń la ẹrẹ̀ kọjá, wọ́n á rìn díẹ̀, wọ́n á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ gbì. Wọ́n á tún dìde. Ti Dúdú fúyẹ́, àlejò lè má tètè fura. Ti Tàgé ló le.

Ẹ̀yìn tánkì omi wa ni ìyá wọn bí wọn sí. Mẹ́rin ni, ọ̀kan kú kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Nígbà tí wọ́n ṣì ń mu ọmú, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe wọ́n, torí gbogbo ọmọ ológbò tó bá dùbúlẹ̀ sídìí ọmú ló jọra. Ìgbà tó di bí ọ̀sẹ̀ kẹrin tí wọ́n fẹ́ máa rìn ni ọ̀kan ń sáré kiri, tí àwọn méjì yòókù ń ṣubú lu ara wọn. Mẹ́gádì wa rẹ́rìn-ín títí: "Mage ta sha giya ne?" Ó ń béèrè bóyá ológbò ti mutí ni. Ibẹ̀ ni Tàgé ti gba orúkọ, torí tàgétàgé ló ń rìn. Aládùúgbò kan ní dìgbòlugi ni, ká tètè kó wọn sínú àpò ká lọ dà wọ́n nù. Òmíràn wo Dúdú tó dúdú bí kóró iṣin, ó mirí, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ ohun tó máa ń wá sọ́kàn Yorùbá tó bá rí ológbò dúdú.

Hájíà, ará Katsina tí ilé wọn kọjú sí tiwa, ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn wọ́n. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ìka kan gbé àgbọ̀n Tàgé sókè, ó ní ológbò kì í ṣe ẹ̀gbin nínú ẹ̀sìn àwọn, pé Ànábì sọ pé wọ́n wà lára àwọn tó ń rìn yí wa ká. Ó sọ ọ́ débi tí omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ló mú èyí tó dá ṣáṣá lọ sílé rẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí owó mi ṣòfò sí, kí tiyín má bàa lọ bẹ́ẹ̀. Dókítà ẹran tí mo kọ́kọ́ gbé wọn lọ bá fún wọn ní oògùn aràn, ó gún wọn ní abẹ́rẹ́ fítámì, ó tún gún wọn ní òmíràn tí kò sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ń lọ tí a fi ń bọ̀. Nígbà tí kò sí ìyàtọ̀, ó ní kí n kúkú jẹ́ kí òun gún wọn ní èyí tí wọ́n máa fi sùn lọ. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi, mo bá tèmi lọ.

Obìnrin kan tó kọ́ ìṣègùn ẹran ní ABU, Zaria, ló là mí lójú. Kò tiẹ̀ mú abẹ́rẹ́ jáde. Ó fi ẹja sínú ṣíbí, ó ní kí n máa wo orí Tàgé. Bí Tàgé ṣe dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, orí rẹ̀ dúró. Bó ṣe rí ẹja tó na ẹnu sí i, orí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn ni gbígbọ̀n náà ń le sí i.

"Ṣé ó máa ń gbọ̀n tó bá sùn, mà?"

Mo ní rárá.

"Ṣé ó ti burú ju bó ṣe wà nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí i?"

Mo ní bó ṣe wà náà ló wà. Ó ní ó ti tó, òun ti mọ̀ ọ́n.

Cerebellar hypoplasia ni àwọn dókítà ń pè é. Apá kan wà nínú ọpọlọ, lápá ìpàkọ́, tó jẹ́ pé òun ló ń díwọ̀n bí ara ṣe ń rìn: ibi tí ẹsẹ̀ máa dé, bí orí ṣe máa yí tó, ìgbà tí ọwọ́ máa dúró. Apá yẹn ni kò dàgbà tán lára àwọn wọ̀nyí. Agbára wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ojú wọn ń ríran, ọgbọ́n wọn pé pérépéré. Àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbọ́ tí mo bá ń ṣí agolo sàdíìnì. Ìwọ̀n ni wọn ò ní. Lójú èmi aránṣọ, ẹni tó ní ọwọ́, tó ní ṣísọ́ọ̀sì, tí kò ní téèpù, ni wọ́n jọ.

Ohun tó sì sábà máa ń fà á ni kòkòrò àrùn ológbò kan tí wọ́n ń pè ní panleukopenia. Tó bá mú ìyá nínú oyún, tàbí tó mú ọmọ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí a bí i, ìgbà yẹn gan-an ni apá ọpọlọ yìí ń dàgbà, àwọn ohun tó ń yára dàgbà lára ni kòkòrò náà sì máa ń bá jà. Kì í mú gbogbo ọmọ inú ikùn kan bákan náà, ìdí nìyẹn tí ti Hájíà fi ń sáré lórí ògiri títí dòní. Kò dùn wọ́n. Kì í burú sí i. Wọn kì í fi ìrìn tàgétàgé ran ológbò míì, kí á má tíì sọ èèyàn. Wọ́n lè pẹ́ láyé bí ológbò yòókù. Kò sì sí oògùn rẹ̀, bí mo tilẹ̀ ti sanwó oògùn náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ológbò tó lóyún, ẹ sọ fún dókítà kó tó gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èyí tí wọ́n fi kòkòrò tó ṣì wà láàyè ṣe kò yẹ fún aboyún, kò sì yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 4, torí òun náà lè ba apá ọpọlọ yìí jẹ́. Bí kòkòrò panleukopenia náà bá sì ti wọ ilé kan rí, ó lè wà níbẹ̀ tó ọdún kan. Ọṣẹ lásán ò ràn án, bílíìṣì ló ń pa á. Ìyá wọn, ẹni tí a rò pé ó dá ṣáṣá, a ti gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ kó má bímọ mọ́. Tàgé náà ti ṣe tirẹ̀. A kàn sọ ohun tó ń ṣe é fún dókítà ṣáájú kí wọ́n tó fún un lóògùn oorun.

Ó wá ku ilé. Àwa tá a ń gbé Àbújá mọ bí àwọn onílé ṣe fẹ́ràn táìsì tó ń dán. Lórí táìsì, Tàgé kò lè dìde rárá. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sá lọ síbi mẹ́rin. Mo lọ sí Wuse, mo ra rọ́ọ̀gì onírun. Kò pé oṣù kan tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, torí ẹni tí kò lè tètè dé ibi ìtọ̀ á tọ̀ sí ọ̀nà, rọ́ọ̀gì kì í sì jẹ́ kí ìtọ̀ lọ. Ìgbà tí màmá mi wá láti Ìlá ni wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ìborùn bo imú.

"Ta ló ní kóo ra irú èyí? Kí ló ṣe ẹní?"

"Màmá, ẹní á máa yọ̀ lórí táìsì."

"Ṣebí aránṣọ ni ẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú, àmọ́ òótọ́ ni. Mo gé rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sí balùwẹ̀ sí wẹ́wẹ́, mo rán an mọ́ ìsàlẹ̀ ẹní ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti láàárín. Kò yọ̀ mọ́. Èékánná á há sínú híhun rẹ̀ dáadáa, bó bá sì bàjẹ́, omi àti ọṣẹ, ó di ọ̀dọ̀ oòrùn. Nígbà ọyẹ́, kó tó ìṣẹ́jú ogún ló ti gbẹ. Màmá mi kò fẹ́ràn ológbò títí wọ́n fi lọ o. "Ẹni òrìṣà" ni wọ́n ń pe Tàgé, àmọ́ wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tì í kúrò lọ́dọ̀ ìró wọn.

Nítorí èékánná yẹn, ẹ má gé e kù pátápátá. Òun ni wọ́n fi ń di ilẹ̀ mú. Mo máa ń gé orí ṣóńṣó rẹ̀ díẹ̀ báyìí, kó má bàa fa aṣọ oníbàárà ya.

Ibi ìgbọ̀nsẹ̀ wọn: báàfù ńlá, mo fi ọ̀bẹ gbígbóná gé ẹnu ọ̀nà sí i lára títí ó fi kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta yòókù ga, kí wọ́n lè fara tì í tí wọ́n bá lóṣòó. Mo kọ́kọ́ lo ìyẹ̀fun pákó tí mo gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ àwọn káfíńtà ní Kugbo. Áà. Ológbò tó ń ṣubú sínú ìyẹ̀fun pákó tó tutù, àkàrà tí wọ́n rọ̀ ní gààrí ló ń jọ. Yanrìn ni mo padà sí. Ó wúwo, báàfù kì í dojú dé mọ́.

Àwo oúnjẹ wọn pẹlẹbẹ, ó wúwo, mo gbé e lé bíríkì kan kí wọ́n má bàa tẹ orí wálẹ̀ jù. Ẹ má lo abọ́ tó jìn. Bí orí bá ń gbọ̀n, àgbọ̀n á máa lu etí abọ́, omi á sì bo imú. Ẹ ṣáà gbà pé ẹja máa fò mọ́ ògiri. Mo ti kun ògiri ibẹ̀ ní ọ̀dà olóròóró tí a lè nù.

Ẹ̀yin aránṣọ bíi tèmi, òwú ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù ju abẹ́rẹ́ lọ. Bí ológbò bá gbé òwú mì, tẹ́ ẹ rí i tó yọ lẹ́nu tàbí nídìí, ẹ má fà á. Ó lè gé ìfun. Dókítà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá.

A kì í jẹ́ kí wọ́n jáde. Ológbò yòókù á rí ọ̀kadà á fò sẹ́yìn, àwọn á ṣubú síwájú rẹ̀. Àní nínú ilé, ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹsẹ̀ wa gan-an ni ewu wọn, torí wọn ò lè yẹra kíákíá. Ọmọ mi ti tẹ Dúdú mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú òkùnkùn. Láti ìgbà náà ni iná oníbátìrì kékeré kan kì í kú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àṣìṣe mi tó tóbi jù ni pé mo ń gbé Tàgé kiri. Oṣù mẹ́fà ni mo fi gbé e bí ọmọ jòjòló, àánú ló ń ṣe mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń tẹ́ẹ́rẹ́. Dókítà ní kí n gbé e sílẹ̀ kó máa ṣubú, ká ṣáà rí i pé ibi tó ń ṣubú sí kò le. Ó kọ́ bí a ṣe ń fẹ̀gbẹ́ ti ògiri rìn, òun fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba: lọ́jọ́ kan mo yíjú padà, mo bá a lórí òkìtì fóòmù tí mo fi ń ṣe tìmùtìmù, ó fi èékánná gun ún débẹ̀. Ní ti ìsọ̀kalẹ̀, ó kàn já bọ́ ni. Fóòmù ló wà nísàlẹ̀ náà báyìí.

Ohun kan ṣì kù tó jẹ́ pé ẹ̀dùn ọkàn ni mo fi kọ́ ọ. Nígbà tí Dúdú lé díẹ̀ ní ọdún 2, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Mo ní bó ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Ọjọ́ kẹta ni mo tó fura pé apá òsì nìkan ló ń ṣubú sí, orí rẹ̀ sì dà sápá kan, ojú rẹ̀ ń já síhìn-ín sọ́hùn-ún. Etí ló ń dùn ún, àrùn ti wọ inú lọ́hùn-ún. Oògùn gbà á, àmọ́ orí yẹn ṣì dà díẹ̀ di òní. Bí mo bá ti gbé e lọ lọ́jọ́ kìn-ín-ní ńkọ́?

Ẹ rántí pé èyí tí wọ́n bí mọ́ ọn kì í yí padà. Ológbò tó ń rìn dáadáa lánàá tó wá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lónìí, nǹkan míì ni: ó lè jẹ́ etí, ó lè jẹ́ pé ó já bọ́, ó lè jẹ́ oògùn kòkòrò. Oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin nínú máa ń pa ológbò, ẹ má fi kàn án. Ó sì lè jẹ́ dìgbòlugi lóòótọ́, pàápàá èyí tí kò gba àjẹsára tí ìwà rẹ̀ yí padà, tó ń da itọ́, tó ń bu èèyàn jẹ. Ìyẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà.

Ní báyìí, ní gbogbo ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, mo máa ń fi fóònù ya fídíò wọn bí wọ́n ṣe ń rìn láti máṣìnnì dé ìdí àwo. Ìṣẹ́jú kan péré ni. Bí ọkàn mi bá ń ṣe mí wòóyì, màá gbé ti oṣù tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù yìí, màá wò ó. Ti oṣù yìí, Tàgé ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dé ìdí ẹja. Mẹ́rin náà ló ṣubú ní oṣù tó kọjá.