Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti Màmá nìkan

Mo ń fi áàpù tọ́ọ̀ṣì kan sórí fóònù Màmá lánàá. Kò tíì tan iná kankan tó ti ń tọrọ: ó fẹ́ rí gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ó fẹ́ lo makirofóònù, ó fẹ́ mọ ibi tí Màmá wà. Màmá ti na ìka láti tẹ "Gbà." Mo ní, "Ẹ dúró ná, mà." Inú bí mi gan-an! Iná lásán là ń wá. Nọ́ńbà dókítà wọn wà níbẹ̀, ti àwọn àbúrò wọn náà wà níbẹ̀. Ta ló bi àwọn yẹn bóyá wọ́n gbà? Mo yọ áàpù náà dànù.

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni GDPR, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn, ti wà nílẹ̀ Yúróòpù: iléeṣẹ́ ò gbọdọ̀ gba ìsọfúnni wa ju ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò lọ. Ní 2023, wọ́n ní kí Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook, san bílíọ̀nù 1.2 owó yúrò torí ìsọfúnni àwọn èèyàn tó ń kó lọ sí Amẹ́ríkà. Irú òfin tó ń jẹni níyà báyìí ni mo fẹ́ níbi gbogbo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ fóònù àwọn òbí yín wò lónìí. Makirofóònù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.