Àyẹ̀wò ọdún: ìwé kẹfà kò dé, ẹjọ́ Bowen Marsh kò sì tán

Ọdún ń lọ sópin, ìwé kẹfà nínú A Song of Ice and Fire, ọ̀wọ́ ìtàn àròsọ tí George R. R. Martin ń kọ, kò sì tíì jáde. Ìyẹn kì í ṣe ìròyìn mọ́. Ohun tó yẹ kí àwa Yorùbá tí à ń ka ọ̀wọ́ ìwé yìí ní Àbújá, láti Kubwa títí dé Lugbe, jókòó ṣírò ni irú iyàn tí a jà lọ́dún yìí: èwo ló mú kí ìwé náà yé wa sí i, èwo ló jẹ́ ariwo ọjà lásán.

Lójú tèmi, ariwo ló pọ̀ jù. Ẹnì kan á béèrè ìdí tí Jon Snow fi ṣe báyìí, kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ọ̀rọ̀ á ti di ohun tí George R. R. Martin máa kọ. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ìdáhùn èkíní wà nínú ìwé márùn-ún tó wà lọ́wọ́ wa. Ti èkejì wà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé nìkan, bó bá sì wù ú, ó lè yí i padà lọ́la. Ẹni tí kò bá tíì ka ìwé karùn-ún tán, kó yà bàrá níbí o, nítorí n kò ní fi nǹkan kan pamọ́.

Ẹjọ́ tó gba ẹnu wa jù ni ti Bowen Marsh. Ní orí kẹtàlá tí a fi ojú Jon kọ nínú ìwé karùn-ún, tó jẹ́ orí rẹ̀ tó gbẹ̀yìn, àwọn ará Ẹ̀ṣọ́ Òru, ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ Odi ńlá àríwá, tí Jon jẹ́ olórí wọn, fi ọ̀bẹ gún un. Wick Whittlestick ló kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ lé ọ̀fun rẹ̀. Marsh ló tẹ̀ lé e, ó gún un ní ikùn, omijé sì ń dà lójú rẹ̀ bó ti ń ṣe é. Apá kan nínú wa ní ọ̀dàlẹ̀ ni, ìkórìíra àwọn ará ẹ̀yìn Odi tí Jon ń gbà wọlé ló ń bá a jà. Apá kejì ní Jon ló kọ́kọ́ da ìbúra: ó ka lẹ́tà ìhàlẹ̀ Ramsay, ọ̀tá tó jẹ gàba lórí Winterfell, ilé ẹbí Jon, sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn, ó ní òun ń lọ sí Winterfell, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ẹ̀ṣọ́ Òru kì í dá sí ìjà àwọn ọba.

Àṣìṣe kan náà ni apá méjèèjì ń ṣe. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ń tú wò, ẹ̀rí sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ẹ padà sí orí kẹrin Jon nínú ìwé kan náà. Jon àti Marsh wọ àká lábẹ́ Odi láti ka oúnjẹ: wàrà líle tí ọkùnrin méjì ló ń gbé ọ̀kan, àgbá ẹran oníyọ̀ lóríṣiríṣi. Marsh ni olórí àwọn tó ń tọ́jú àká. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mọ iye ẹnu tó wà àti iye oṣù tí oúnjẹ máa gbé wọn dé, gbogbo ìgbà tí Jon bá sì ṣí ilẹ̀kùn Odi, ẹnu ń pọ̀ sí i, àká kò pọ̀ sí i. Jon yá owó lọ́wọ́ Iron Bank ti Braavos láti fi ra oúnjẹ, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń ka àpò, gbèsè kì í ṣe ọkà. Ẹ tún fi kún un pé àwọn ará ẹ̀yìn Odi yìí náà ló dá ọgbẹ́ sí i lórí nígbà tó bá wọn jà ní Bridge of Skulls.

Nítorí náà, ìdájọ́ tèmi ni pé lẹ́tà Ramsay kọ́ ni ìdí. Ó kàn mú kí wákàtí náà pé ni. Ẹni tó bá ní wọ́n ti di ọ̀tẹ̀ náà dáadáa tipẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún wa ìdí tí wọ́n fi yan ìgbà tó burú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ẹ̀yìn Odi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi igbe gbè sẹ́yìn Jon nínú gbọ̀ngàn ni, òmìrán Wun Wun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọkùnrin kan síta, gbogbo èèyàn ti tú jáde. Ìkánjú ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì máa ń sọ pé àwọn ọlọ́tẹ̀ ló ti Ghost, ìkookò Jon, mọ́lé. Rárá o. Jon fúnra rẹ̀ ló tì í mọ́lé, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ igbó Borroq, ọ̀kan nínú àwọn ará ẹ̀yìn Odi. Òun náà ló tú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ká sí àwọn ilé olódi mìíràn.

Bí a ṣe ń dé irú ibi bẹ́ẹ̀ kò le. Ẹ mú ìwé ìkọ̀wé, ẹ fa ìlà sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí ẹni náà ṣe, ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ohun tí ẹlòmíràn sọ nípa rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà orí àti ojú ẹni tí à ń fi wo ọ̀rọ̀ náà, torí ojú ẹnì kan ṣoṣo ni Martin ń fi kọ orí kọ̀ọ̀kan. Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni kí ọ̀rọ̀ ọ̀nà kẹta yọ́ wọ ọ̀nà kìíní. Catelyn, ìyá Bran, mú Tyrion ní ẹlẹ́wọ̀n nítorí pé Petyr Baelish sọ pé Tyrion ló ni ọ̀bẹ tí wọ́n fẹ́ fi pa Bran. Ẹ̀rí wo ló wà? Ẹnu Petyr nìkan. Títí ìwé kẹta, tí Tyrion àti Jaime ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi rò ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé ọ̀dọ́mọdé ọba Joffrey ló wà nídìí rẹ̀, ọ̀pọ̀ òǹkàwé ṣì ń gbé irọ́ náà kiri bí òótọ́.

Ẹni tó ń fi fóònù wá orúkọ, kó ṣọ́ra. Bí ẹ bá wá "Marsh" nìkan, ẹ ó pàdánù ibi tí wọ́n ti pè é ní Old Pomegranate. Theon ń jẹ́ Reek, Sansa ń jẹ́ Alayne, ti Arya kò lóǹkà. Ìwé àtẹ́tígbọ́ dára nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Nyanya, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a fi ń mú ẹ̀rí wá, torí kò sí ojú ewé tí a lè tọ́ka sí. Bébà ló dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ ìlú yìí ń mú kí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé gbẹ kó sì sán. Kí ẹ tó ka ìwé tuntun tó sanra bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé tábìlì, ẹ tẹ èèpo iwájú sílẹ̀, lẹ́yìn náà èèpo ẹ̀yìn, kí ẹ wá máa tẹ ewé díẹ̀díẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn títí ẹ ó fi pàdé láàárín. Ẹ má fi ipá là á sí méjì láéláé.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù lọ́dún yìí ni orí méjì tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: orí kìíní Sam nínú ìwé kẹrin àti orí kejì Jon nínú ìwé karùn-ún. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan náà ni. Ẹ ṣí wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lójú Sam, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti di yìnyín, ó kàn ń pàṣẹ fún un pé kó máa lọ. Gilly, ọmọbìnrin ẹ̀yìn Odi tó ń bá Sam lọ, ń sunkún, Sam kò sì mọ ìdí rẹ̀ títí wọ́n fi wà lójú omi. Lójú Jon ni a ti rí i pé ó ti pàṣẹ fún Gilly kó fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀, kó gbé ọmọ Mance, ọba àwọn ará ẹ̀yìn Odi, lọ, torí ẹ̀rù ń bà á pé Melisandre, àlùfáà iná, máa sun ọmọ náà nítorí ẹ̀jẹ̀ ọba. 2005 ni ìwé kẹrin jáde, 2011 ni ìkarùn-ún. Ọdún mẹ́fà gbáko ni èèyàn fi pe Jon ní ọlọ́kàn líle kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan láàárín wa ní gbogbo èyí kò dé ọ̀dọ̀ Fágúnwà, pé nínú Ògbójú Ọdẹ ti 1938, èèyàn ń mọ irú ẹni tó ń bá rìn. Mo gbà fún wọn lápá kan. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, kí ni Kàkò rò lọ́kàn nígbà tó pa obìnrin tó dì mọ́ ọn, kó lè bá Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó? Ìyẹn náà tó jà sí.

Ní ti ìdúró, mo máa kánjú. 1996, 1998, 2000, 2005, 2011: àwọn ọdún tí ìwé jáde nìyẹn, ẹ wo bí àlàfo ṣe ń gbòòrò. Ìtàn náà pọ̀ ju ohun tí ìwé kan lè gbà lọ, ni wọ́n bá fi ibi tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ wà pín in sí ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Lẹ́yìn ìkẹrin, Martin kọ ọ́ pé òun ń retí kí ìyókù dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní January 2016, ó kọ ọ́ pé ìkẹfà kò tíì parí. Ọjọ́ yòówù tí ẹnikẹ́ni bá dá fún yín, ẹ má fi ra nǹkan.

Ti tẹlifíṣọ̀n, Game of Thrones, parí ní May 2019, a kò sì gbọdọ̀ fi ṣe ẹ̀rí. Nínú ìwé, àárín koríko Dothraki ni a fi Daenerys, ọbabìnrin tó ní dírágónì, sí, ara rẹ̀ kò yá, dírágónì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ogun Khal Jhaqo, olórí ẹlẹ́ṣin Dothraki kan, sì ti dé bá a. Kò tíì sun ìlú kankan ní Westeros. Ẹni tó bá ń ṣàlàyé ìdí tó fi sun ìlú, bí wọ́n ti fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Lọ́dún tó ń bọ̀, Doran Martell, alákòóso ilẹ̀ Dorne, ló kàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí Areo Hotah, olórí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, nínú ìwé kẹrin, ẹ ka àwọn orí Arianne ọmọbìnrin rẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ ka ti Quentyn ọmọkùnrin rẹ̀ nínú ìkarùn-ún dé ibi tó ti gbé ìwé àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní Braavos jáde níwájú Daenerys. Pẹ́ńsù ni kí ẹ mú wá, kì í ṣe báírò. Ẹni tó bá sì fẹ́ pe bàbá náà ní ojo, kó mú nọ́ńbà orí dání.