Mágínẹ́ẹ̀tì ilẹ̀, ionosphere àti ìmìtìtì ilẹ̀: ẹ ka ọjọ́ tí ilẹ̀ kò mì náà

Bí ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá bá ti ṣẹlẹ̀, kì í pẹ́ tí àwòrán kan á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kiri: ìlà tó ń rìn jẹ́jẹ́, tó wá fò sókè lójijì ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ilẹ̀ tó mì. Ẹni tó gbé e síta á ní agbára mágínẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ló yí padà, tàbí kó ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló pọ̀ lápọ̀jù nínú ionosphere, ìyẹn apá òkè afẹ́fẹ́ ayé, láti nǹkan bíi 60 kìlómítà lọ sókè, níbi tí ìtànṣán oòrùn ti ń já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ́ọ̀mù. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwòrán náà kì í ṣe irọ́. Ìlà náà fò lóòótọ́. Ohun tí wọn kì í yà sínú rẹ̀ ni gbogbo ọjọ́ mìíràn tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ fò tí ilẹ̀ kankan kò sì mì. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Ibi tí mo dúró sí rèé: kò tíì sí àmì mágínẹ́ẹ̀tì tàbí ti ionosphere kankan tí èèyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé láti ní kí ará ìlú sá jáde nílé. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìdí wà tí àwọn onímọ̀ gidi fi ń wá a, ìdí tí kò fi tíì bọ́ sí i fún wọn sì máa ń hàn kedere béèyàn bá ti wo nọ́ńbà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Bí ìfúnpá bá pọ̀ lórí àpáta tó ní èròjà irin nínú, mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ á yí díẹ̀. Bí omi bá ń fi tipá gba àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín inú àpáta kọjá, á máa gbé iná mànàmáná díẹ̀ lọ́wọ́. Onímọ̀ kan, Friedemann Freund, tún fi hàn nínú yàrá ìwádìí pé iná máa ń sàn jáde lára àwọn òkúta kan tí wọ́n bá tẹ̀ wọ́n gidigidi. Gbogbo ìyẹn ṣeé ṣe. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, ó tó mélòó?

Agbára mágínẹ́ẹ̀tì ayé wà láàárín nǹkan bíi 25,000 sí 65,000 nanotesla, tí a ń kọ ní nT. Lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan parọ́rọ́ pàápàá, oòrùn ń gbé e sókè sódò ní 20 sí 50 nT láàárọ̀ sí alẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1989, ìjì mágínẹ́ẹ̀tì fa Dst, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí irú ìjì bẹ́ẹ̀ ṣe le tó, wálẹ̀ dé −589 nT. Ẹ wá fi ìyẹn wé Landers ní California, níbi tí ilẹ̀ ti mì ní ìwọ̀n 7.3 lóṣù kẹfà ọdún 1992. Ẹ̀rọ tó wà ní nǹkan bíi 17 kìlómítà síbẹ̀ rí ìyípadà tó tó 1 nT, àkókò tí àpáta ya gan-an sì nìyẹn o. Bí yíya náà fúnra rẹ̀ kò bá mú ju 1 nT wá, mélòó la fẹ́ kí ìmúrasílẹ̀ fún un mú wá?

Ìṣòro kejì ni pé ilẹ̀ ń jẹ ìgbì lọ́nà. Ìṣirò ibẹ̀ kò le: ẹ mú ìdènà iná ilẹ̀ náà ní ohm-mítà, ẹ fi iye hertz ìgbì náà, ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pín in, ẹ wá square root èsì rẹ̀, kí ẹ sì fi 503 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni iye mítà tí ìgbì náà á rìn kí agbára rẹ̀ tó wálẹ̀ sí bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Nínú ilẹ̀ tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 100, ìgbì 0.01 Hz á rìn tó 50 kìlómítà. Ti 10 Hz kò ní kọjá 1.6 kìlómítà. Nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìmìtìtì tó ń ṣọṣẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ ní kìlómítà bíi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nísàlẹ̀, ìgbì tó lọ́ra gan-an nìkan ló lè jáde síta. Ẹni tó bá mú ìgbì kilohertz wá tó ní láti 15 kìlómítà nísàlẹ̀ ló ti wá, ẹ ní kó kọ́kọ́ ṣàlàyé bó ṣe gba inú ilẹ̀ kọjá.

Àmọ́ ojú ọ̀nà ìgbì tó lọ́ra yìí kan náà ni oòrùn ń gbà. Afẹ́fẹ́ oòrùn máa ń mú kí mágínẹ́ẹ̀tì ayé gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 600. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lo iná DC náà ń pariwo níbẹ̀. Ariwo BART, ọkọ̀ ojú irin agbègbè San Francisco, kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ẹ̀rọ mágínẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ lágbègbè náà.

Agbègbè yẹn náà ni ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ jù ti wá. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1989, ilẹ̀ mì ní Loma Prieta ní ìwọ̀n 6.9. Antony Fraser-Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Stanford ní ẹ̀rọ kan ní Corralitos, kìlómítà 7 péré sí ojúkò ìmìtìtì náà. Ẹ̀rọ náà fi hàn pé ariwo ìgbì tó lọ́ra ti ń ga láti nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, ó sì ga lọ́nà tó yani lẹ́nu ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta kí ilẹ̀ tó mì. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1990, ńṣe ni gbogbo ẹni tó wà nínú iṣẹ́ yìí dìde. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ káàkiri ayé lẹ́yìn náà, nítorí Corralitos ni.

Lọ́dún 2009, Jeremy Thomas, Jeffrey Love àti Malcolm Johnston tún dátà náà yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé ní àwọn ọjọ́ tí ariwo náà ga, ohun tí Corralitos kọ sílẹ̀ dà bí ohun tí ibùdó tó jìnnà réré kọ sílẹ̀, àfi pé wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀. Ilẹ̀ tó fẹ́ ya kò lè sọ ariwo oòrùn di púpọ̀. Ẹ̀rọ tó ti ń ṣe ségesège lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún náà kan náà, Wallace Campbell sọ pé ìdàrúdàpọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì láti òkè ni ohun tí wọ́n rí. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà nítòsí, ìṣirò ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí ló sì ń tọ́jú, kì í ṣe ìgbì náà fúnra rẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí a fi lè padà lọ wò ó dáadáa mọ́.

Ọ̀kan wà tí ẹ̀rọ kò wọ́n níbẹ̀. Ní Parkfield, ní California kan náà, wọ́n ti sọ pé ilẹ̀ yóò mì kí ọdún 1993 tó parí, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ oríṣiríṣi yí i ká: ti mágínẹ́ẹ̀tì, ti fífà àti fífún àpáta, ti omi kànga. Ọdún 1993 kọjá. Ilẹ̀ mì ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, ní ìwọ̀n 6.0, àwọn ẹ̀rọ mágínẹ́ẹ̀tì kò sì rí nǹkan kan ṣáájú rẹ̀. Lójú tèmi, Parkfield wúwo ju Corralitos lọ nínú ẹ̀rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ń wá ìròyìn kì í dárúkọ rẹ̀.

Ẹ̀tàn kan wà tó yẹ kí n dúró lé lórí díẹ̀. Láti yọ ariwo oòrùn kúrò, àwọn kan máa ń mú agbára mágínẹ́ẹ̀tì tó dorí kọ òkè tàbí ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Z, wọ́n á sì fi èyí tó ń lọ gbọọrọ, H, pín in. Wọ́n ní ariwo òkè máa ń pọ̀ nínú H, tí ti abẹ́ ilẹ̀ á sì pọ̀ nínú Z, nítorí náà bí Z/H bá ga, ilẹ̀ ń bọ̀ wá mì. Ọ̀nà yìí ni Hayakawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò fún ìmìtìtì Guam, erékùṣù kan ní Òkun Pàsífíìkì, ti oṣù kẹjọ ọdún 1993. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ọjọ́ tí oòrùn parọ́rọ́: H á wálẹ̀, Z kò ní wálẹ̀ tó o nítorí ariwo tí ẹ̀rọ àti àyíká ń dá sílẹ̀ kò lọ síbì kan, ìpín náà á wá ga fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àwòrán Guam sẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n ìdàrúdàpọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì gbogbo ayé, àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé ara wọn.

Ní ti ionosphere, GPS ni irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Sátẹ́láìtì ń fi ìgbì méjì ránṣẹ́, 1575.42 àti 1227.60 MHz. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń fa ìkejì sẹ́yìn ju ìkíní lọ, ìyàtọ̀ náà la sì fi ń ka iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà lójú ọ̀nà, tí a ń pè ní TEC. Ẹyọ TECU kan, ìyẹn 10¹⁶ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lórí mítà onígun mẹ́rin kan, á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16 kún ìwọ̀n ìgbì àkọ́kọ́. Láàárín òru sí ọ̀sán, TEC lè ti orí ẹyọ díẹ̀ lọ sí mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́nà púpọ̀. Nítòsí ìlà ìdajì ayé, ó lè kọjá 100 nígbà tí oòrùn bá gbóná. Indonesia àti Taiwan, tí ilẹ̀ ti ń mì léraléra, wà lábẹ́ ibi tí ó ti ń fò sókè sódò jù.

Iṣẹ́ tó lágbára jù níbí ni ti Kosuke Heki, ẹni tó sọ lọ́dún 2011 pé TEC ga ní nǹkan bíi 40 ìṣẹ́jú kí Tohoku ní Japan tó mì ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún náà, ní ìwọ̀n 9.0. Ohun tí àwọn alátakò rẹ̀ tọ́ka sí ni ìlà tó fi ń díwọ̀n. Ó fa ìlà tó tẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣáájú dé ìgbà tó tẹ̀ lé ìmìtìtì náà, ó sì yọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìmìtìtì náà, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù dín kù lókè tsunami náà fún ìgbà pípẹ́. Bí ẹ bá fi ibi tó jìn yẹn kún ìlà tí ẹ ń fà, apá tó ṣáájú á yọrí sókè bíi pé nǹkan pọ̀ níbẹ̀. Masato Kamogawa àti Yoshihiro Kakinami sọ èyí lọ́dún 2013. Heki fèsì pẹ̀lú ọ̀nà mìíràn, ó sì mú àwọn ìmìtìtì ńlá mìíràn wá, ìjà náà kò sì tíì parí. Ìjì mágínẹ́ẹ̀tì kan tún ń lọ lọ́jọ́ náà, èyí tó mú kí ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ díjú.

Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé ionosphere ń gbọ́ ìmìtìtì lẹ́yìn tó bá ti ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ tó mì á ti afẹ́fẹ́ lókè. Bí ìgbì náà ti ń gòkè bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́lẹ́ sí i ló ń gbòòrò, á sì dé ionosphere ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 sí 10. Wọ́n ti rí i látìgbà ìmìtìtì Alaska ọdún 1964. GUARDIAN, tí NASA JPL ṣe, ń lo ọ̀nà yìí láti wá àmì tsunami nínú dátà GPS. Ibi tí mo máa ná owó sí nìyẹn bó bá jẹ́ pé èmi ni mò ń pín in.

Sátẹ́láìtì náà kò gbẹ́yìn. DEMETER ti ilẹ̀ Faransé ṣiṣẹ́ láti 2004 sí 2010. Nígbà tí František Němec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìmìtìtì pọ̀, wọ́n rí i pé ìgbì tó wà nítòsí 1.7 kHz rọ díẹ̀ lálẹ́ láàárín wákàtí mẹ́rin tó ṣáájú àwọn tí kò jìn nísàlẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ṣùgbọ́n àyípadà náà kéré gan-an sí bí ìgbì ọ̀hún ṣe ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́. Inú àròpọ̀ nìkan ló ti ń hàn, kì í ṣe nínú ìmìtìtì kan ṣoṣo. Ṣáínà gbé Zhangheng-1 sókè lóṣù kejì ọdún 2018 láti máa bá iṣẹ́ náà lọ.

Wàyí o, bí ẹnì kan bá gbé àwòrán tirẹ̀ wá, ohun tí màá ṣe rèé. Màá kọ́kọ́ mú Kp, òṣùwọ̀n ìdàrúdàpọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì gbogbo ayé, láti GFZ ní Potsdam, Dst láti Kyoto, àti F10.7, òṣùwọ̀n bí oòrùn ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, fún 60 ọjọ́ tó ṣáájú. Gbogbo ọjọ́ tí Kp dé 4 tàbí tí Dst lọ sísàlẹ̀ −30 nT, màá pa á rẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, torí pé ionosphere kì í tètè balẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá wá ibùdó kan nínú INTERMAGNET, àkójọ àwọn ibùdó tó ń wọn mágínẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé, tó wà ní 500 sí 1,000 kìlómítà síbẹ̀, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ òpó ayé jù ú lọ. Bí ìlà tibẹ̀ náà bá fò, òkè ló ti wá. Màá béèrè fún dátà gidi, kì í ṣe ìṣirò rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n ooru inú yàrá ẹ̀rọ, nítorí pé ooru ń ti fluxgate, irú ẹ̀rọ kan tó ń wọn mágínẹ́ẹ̀tì, kúrò ní ipò rẹ̀. Màá fi agogo méjì sí mẹ́rin òru nìkan díwọ̀n, ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin máa ń sinmi.

Lẹ́yìn èyí ni kíkà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ká ní wọ́n pe gbogbo ọjọ́ tó bá bọ́ síta ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ní àmì, tí wọ́n sì ní ilẹ̀ lè mì nígbàkigbà láàárín ọjọ́ 15 tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá tiẹ̀ sí ìbátan kankan, 0.95 tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lọ́nà 15 jẹ́ 0.46, àǹfààní pé kò ní sí àmì kankan láàárín ọjọ́ 15 nìyẹn. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tó wù kó jẹ́, ó lé ní ìdajì àǹfààní pé àmì kan á ti ṣáájú rẹ̀. Ẹ wá fi àyíká tí wọ́n ń lò kún un, ìyẹn bí àmì ṣe lè jìn tó sí ìmìtìtì tí wọ́n á ṣì kà á mọ́ ọn: ìlànà tí Dobrovolsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ lọ́dún 1979 fún ìmìtìtì ìwọ̀n 6 ní àyíká 380 kìlómítà, ó sì fún ti ìwọ̀n 7 ní ohun tó lé ní 1,000. Ìmìtìtì tó tó ìwọ̀n 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ju 1,000 lọ lágbàáyé lọ́dún. Ní Japan tàbí Indonesia, pẹ̀lú àyíká tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, èèyàn ò lè wá ìmìtìtì tì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Nítorí náà, èmi kì í béèrè mọ́ pé àmì wo lẹ rí kí ilẹ̀ tó mì. Mo ń béèrè pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ wọn sílẹ̀ níta gbangba kó tó ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ibi, ọjọ́ àti ìwọ̀n, kí ẹlòmíràn tọ́jú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kí wọ́n sì fi ìdá àkókò tí ìkìlọ̀ fi wà nílẹ̀ wé iye ìmìtìtì tó bọ́ sínú rẹ̀. Bí ìkìlọ̀ bá gba ìdajì ọdún, tó sì mú ìdajì ìmìtìtì, owó ẹyọ téèyàn jù sókè náà á mú iye kan náà.