Ẹ́ńjìnì kan kú lójú ọ̀run, òmíì kú l'Ọ́dógbólú

Ẹ jẹ́ n tètè sọ eléyìí kí n tó gbàgbé: ẹni tó bá ń ti Àbújá bọ̀ wá ṣe Ojúde Ọba n'Ìjẹ̀bú-Òde, kó má wọkọ̀ òfurufú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an o. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni, èmi náà mọ̀, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tó ṣáájú wọ́n, mo wá ń ṣọ́wó ná. Báyìí ni mo ṣe jókòó sínú ọkọ̀ láago méje àárọ̀, aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwa ojúgbà, wà ní báàgì, fìlà wà lórí itan mi kó má baà rún.

Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tá a gbéra, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín bisikíìtì dé ọ̀dọ̀ wa ni mo gbọ́ "gbòlàà!" lápá òsì, bí ìgbà tí táyà tírélà bá bẹ́. Ọkọ̀ gbọ̀n jìgìjìgì, imú ẹ̀ fẹ́ yà sósì, ó tún padà tọ́. Ariwo wá sọ. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" níwájú, "Lá ìláhà!" lẹ́yìn, èmi tí mi ò kírun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, gbogbo ohun tí mo kọ́ nílé kéú ń ya jáde lẹ́nu mi láìtò.

Bàbá tó jókòó tì mí, ọmọ Ìpẹru ni wọ́n, mẹkáníìkì ọkọ̀ òfurufú sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bisikíìtì ẹnu wọn ò dúró. "Ẹ́ńjìnì kan ló lọ yẹn. Fọkàn balẹ̀, èyí tó kù á gbé wa."

Mo ní, "Bàbá, ẹyọ kan kẹ̀?"

Wọ́n ní wọn kì í gbà kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì méjì gbé èrò àyàfi tí wọ́n bá ti dán an wò pé bí ọ̀kan bá tiẹ̀ kú nígbà tó ń sáré àtigbéra, èkejì á lè gbé e sókè. Pé imú tó yà yẹn, bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà lápá kan ṣoṣo ni, á máa fẹ́ yípo, awakọ̀ á wá fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà kí ìrù ọkọ̀ lè dá a padà sójú ọ̀nà. Awakọ̀ kan á gbájú mọ́ wíwa ọkọ̀, kò ní ṣe nǹkan míì, èkejì á mú ìwé, á máa kà á ní ìlà ìlà, àwọn méjèèjì á sì jọ wò ó dáadáa kí wọ́n tó ti epo ẹ́ńjìnì tó bàjẹ́, kí wọ́n má lọ ṣèèṣì pa èyí tó ń ṣiṣẹ́. "Ó ṣẹlẹ̀ ní Taiwan lọ́dún 2015, èyí tó dáa ni wọ́n pa..."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má parí ìyẹn."

Ni wọ́n bá yí i sí ti New York, January 15, 2009, ẹyẹ wọ ẹ́ńjìnì méjèèjì, awakọ̀ gbé e sórí odò Hudson, gbogbo èèyàn 155 tó wà nínú ẹ̀ ló yè. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, odò wo ló wà lábẹ́ tiwa báyìí?

Gbólóhùn kan péré ni awakọ̀ bá wa sọ, pé a ń padà s'Ábùújá. Ìyẹn ò bí mi nínú, torí Bàbá ti ní èrò ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. A balẹ̀ jẹ́jẹ́, ọkọ̀ panápaná ti tò dè wá, pátẹ́wọ́ ta.

Àwọn tó wà nílẹ̀ ló bí mi nínú. Wákàtí márùn-ún! Mítípáì kan, mínírà tó gbóná bí omi ìwẹ̀, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà sì ń wo fóònù ẹ̀ bí ẹni pé àwa la da ẹ́ńjìnì rú. Ẹ máa gbé oúnjẹ yín dání jàre.

Ọkọ̀ òfurufú wá gbé wa dé Èkó níkẹyìn. Mi ò ní sọ iye tí onítakisí gbà lọ́wọ́ mi láti Ìkẹjà dé Berger, kí ìyàwó mi má baà kà á. Mo wọ bọ́ọ̀sì, a kọjá Ṣágámù, ó ku díẹ̀ ká wọ Ọ̀dógbólú, èéfín bá yọ. Ẹyọ ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo tá a ní, ó kú. Kò síwèé, kò sí awakọ̀ kejì, kọ̀ńdọ́ ti wọgbó lọ tọ̀. Dírẹ́bà gba píọ̀ wọ́tà lọ́wọ́ àwa èrò, ó ń dà á sí rédíétọ̀, "ó kàn gbóná ni, ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ẹ̀ lé ní wákàtí kan, kò sì dá kọ́bọ̀ padà fẹ́nì kankan.

Àfi ìyá kan tó ń ta ebiripo lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó ṣì ń gbóná nínú ewé, ọbẹ̀ ata wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo jẹ mẹ́ta lórí ìdúró, inú tó ń bí mi látàárọ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá. Owó ẹ̀ ò tó ti mítípáì yẹn tí wọ́n bá ní kí n rà á.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹṣin ti lọ, ìgbẹ́ ẹṣin ló kù fún mi wò lójú títì. Mọ́mì gbé ìkọ́kọrẹ́ tó ti tutù síwájú mi, wọ́n wo fìlà mi tó ti rún, wọ́n ní, "Ṣé ọkọ̀ yín bàjẹ́ lọ́nà ni?"

Mo ní, "Èwo nínú wọn, Mọ́mì?"