Ohun tí ikú Àjọkẹ́ kọ́ mi nípa ejò àti òtútù

Ní oṣù tó kọjá, ó pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ta ejò, alángbá àti ahun nílùú Leeds. Mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, iṣẹ́ ni kò jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni àbúrò kan, ọmọ Ìbàdàn, pè mí ní aago mọ́kànlá alẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mọ̀nàmọ́ná kan láti London lọ sí Glasgow. "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ kẹrin rèé tí kò jẹun. Mo ti gbé e jáde wò lẹ́ẹ̀mẹfà lónìí, mi ò mọ ohun tó ń ṣe é." Àyà mi já. Gbogbo ohun tó ń ṣe ni èmi náà ti ṣe rí, ẹ̀mí Àjọkẹ́, mọ̀nàmọ́ná tèmi, ló sì bá a lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ejò lókè òkun, tí mò ń bá sọ̀rọ̀, mọ mọ̀nàmọ́ná, òjòlá kékeré tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù tí ẹ̀rù bá bà á, tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní ball python. Ẹ mọ̀ pé ejò kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe, bí ibi tó wà bá ṣe rí ni ara tirẹ̀ náà ṣe máa rí. Mi ò ní tún ìyẹn sọ.

Àkọ́kọ́, ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ tò kí ejò tó dé. Ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ máa ka ìwọ̀n rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Apá kan ilé náà gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí 31 sí 32°C, apá kejì ní nǹkan bí 25 sí 26. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ojú ejò bá ti ń funfun bí ìgbà tí ìkúùkù bò ó, tó fẹ́ bọ́ awọ, ẹ gbé ọ̀rinrin náà sókè sí 65 tàbí 70.

Èkejì, tó bá ti dé, ẹ fún un ní omi àti ibi ìfarapamọ́ méjì, ọ̀kan níbi tó gbóná, ọ̀kan níbi tó tutù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má gbé e, ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má pe ọ̀rẹ́ wá wò ó. Mọ̀nàmọ́ná tó ti dàgbà, tára rẹ̀ dá, lè gbààwẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan láìsí ewu. Ọjọ́ mẹ́rin kì í ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta, ẹ má so ohun tó ń mú ilé ejò gbóná mọ́ iná láìsí thermostat, ẹ̀rọ tó ń pa á nígbà tí ooru bá ti tó. Ibi tí mo ti fẹ́ dá òǹkà dúró rèé, nítorí inú ẹ̀kẹta yìí ni Àjọkẹ́ kú sí.

Oṣù kọkànlá ọdún 2014 ni mo rà á. Ọmọ Togo ni. Ẹ mọ bí òwò yẹn ṣe ń lọ ní Togo, Benin àti Ghana: wọ́n á kó ẹyin tàbí abo tó lóyún nínú oko, wọ́n á jẹ́ kí ẹyin pa ní ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á wá fi ọkọ̀ òfuurufú kó àwọn ọmọ lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìwé àṣẹ CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń ṣàkóso òwò ẹranko àti ewéko inú igbó. Ọkùnrin tó tà á fún mi ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo bi í bóyá mo nílò thermostat. Ó ní rárá, ó ní ibi tí èmi àti ejò náà ti wá gbóná, ooru ò lè ṣe wá ní nǹkan kan. Thermostat wà lórí àtẹ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀ yẹn. Inú ṣì ń bí mi sí i dòní. Àwọn àgbà wa ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Àwa tí à ń sin ejò gan-an ni òwe yẹn ń bá wí: ẹni tó mọ̀ ò sọ, ẹni tí kò mọ̀ ò sì mọ ẹni tó yẹ kó bi.

Yàrá kan ni mo háyà nígbà náà. Tó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, onílé á pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, òtútù á sì wọlé. Ẹ̀rù òtútù yẹn bà mí fún Àjọkẹ́. Mo tẹ́ ẹní oníná sábẹ́ àpótí gíláàsì rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo fi ọ̀rá àti téèpù dí àwọn ihò afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru olówó pọ́ọ́kú tí mo lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì ń ka 30, ọkàn mi sì balẹ̀. Mi ò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ òkè ló ń kà. Nísàlẹ̀, níbi tí ikùn ejò kan ilẹ̀, ó ti gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Kò jẹun. Mo ń gbé eku síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ méjì-méjì, mo sì ń gbé e lọ́wọ́ ní alaalẹ́, mo ní kó lè mọ̀ mí. Nígbà tó bọ́ awọ, wẹ́wẹ́ ni awọ náà ń já, èyí tó bo ojú kò tiẹ̀ kúrò. Mo ní àìsí omi ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n omi sínú àpótí títí ilẹ̀ rẹ̀ fi rin gbingbin. Àpótí tí kò ní ojú ihò, tó rin, tí yàrá tó yí i ká tutù: ẹ fojú inú wo bí èémí inú rẹ̀ á ṣe rí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, mo gbọ́ ìró kan bíi fèrè ọmọdé. Ó gbé orí sókè, ó la ẹnu díẹ̀, itọ́ ń hó ní ihò imú rẹ̀. Dókítà ẹranko ló yí i padà lórí tábìlì. Ìpẹ́ ikùn rẹ̀ ti pọ́n, ó ti wú, ibì kan níbẹ̀ sì ti dúdú bí èèpo iṣu tó jóná lórí ẹ̀yinná. Lábẹ́ ejò tí mò ń gbé lójoojúmọ́! Mi ò yí i wò rí. Dókítà ò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Tí ooru bá pọ̀ jù fún un, ibo ló lè sá sí nínú ilé yẹn?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìyẹn ni Àjọkẹ́ kú.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ̀. Bàbá mi àgbà dáko lẹ́bàá Ṣakí. Nínú ọyẹ́ kan, tí ètè ń là, tí ilẹ̀ ń sán, bàbá gbẹ́ ìdí ọ̀gán kan, mọ̀nàmọ́ná méjì sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ká jọ. Bàbá ní kí a bò wọ́n padà, pé wọ́n ń bá òun dín eku oko kù. Kí a tó bò ó, mo ti ọwọ́ bọ ihò náà. Erùpẹ̀ inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó rin díẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ mi níka. Òde gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, inú ọ̀gán ò gbẹ. Oòrùn ò sì lè jó wọn níbẹ̀, nítorí bí wọ́n bá fẹ́ ooru, wọ́n á súnmọ́ ẹnu ihò; bí ó bá pọ̀ jù, wọ́n á wọlé lọ. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ejò ilẹ̀ olóoru ni, ẹ ṣáà ti mú un gbóná, ẹ má gbọ́. Kì í ṣe ooru ilẹ̀ wa ni mọ̀nàmọ́ná ń gbé, inú ihò ilẹ̀ wa ló ń gbé. Ihò yẹn ni kí ẹ bá a wá ní Glasgow, ní Toronto, níbikíbi tí ẹ bá gbé e lọ. Lọ́dọ̀ wa ní England, òfin ìtọ́jú ẹranko ọdún 2006 tiẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí ibi tí ẹran ọ̀sìn ń gbé bá a lára mu. Kì í ṣe àánú la fi ń ṣe é.

Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi báyìí, England ni ẹyin rẹ̀ ti pa ní 2016. Nígbà tí a kó ilé nínú oṣù kìíní ọdún 2021, inú àpò aṣọ ni mo di í sí, mo gbé àpò sínú páálí fóòmù, mo fi aṣọ ìnura wé ike omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí kò fi kàn án lára. Mo ti kọ́kọ́ mú inú mọ́tò gbóná kí n tó gbé e wọlé. Ọjọ́ kẹtàlélógún tí a dé ilé tuntun ló jẹun. Mi ò fọwọ́ kàn án títí dìgbà yẹn.

Àbúrò mi ti Glasgow tún pè lánàá. Mo ní kó ka ohun tí ẹ̀rọ ń sọ fún mi. Apá kan 32, apá kejì 25, ọ̀rinrin 58. Mo ní ejò ńkọ́? Ó ní òun ò rí i láti àárọ̀, inú ihò rẹ̀ ló wà. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kó pa iná yàrá, kó lọ sùn.