Họ́ọ̀kù tí jíìpù máa fi fa ẹrù lọ́nà oko

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi jíìpù fa tírélà kékeré láti Òṣogbo lọ sóko, ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó béèrè iye owó. Bí tírélà àti ẹrù inú rẹ̀ bá jẹ́ kílò 1,500, ó yẹ kí iwájú rẹ̀ tẹ họ́ọ̀kù tó kílò 150 sí 225. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tírélà á máa jù sọ́tùn-ún sósì lórí títì. Bó bá pọ̀ jù, ìdí ọkọ̀ á rọ̀, iwájú á fúyẹ́, sítíárì ò ní gbọ́ràn mọ́.

Ṣáṣí, ìyẹn egungun irin abẹ́ ọkọ̀, ni ká de họ́ọ̀kù mọ́. Àwọn wẹ́dà wa mọṣẹ́, àmọ́ họ́ọ̀kù tí wọ́n jó mọ́ bọ́ńpà lásán, kòtò kan ṣoṣo lè já a. Bóòtù tí wọ́n tẹ 8.8 tàbí 10.9 (nọ́ńbà tó ń fi bó ṣe lágbára tó hàn) sí lórí ni kẹ́ ẹ rà.

Ibi tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni bọ́ọ̀lù, ìyẹn irin róbótó orí họ́ọ̀kù tí ẹnu tírélà máa ń dé lé. 50mm àti ínǹṣì 2 (ìyẹn 50.8mm) jọra lójú, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù 50mm nínú ẹnu tírélà tí wọ́n ṣe fún ínǹṣì 2 á máa mì, ó sì lè fò yọ ní gegele.

Fún ọ̀nà oko tó rí gbágungbàgun, pintle ni mo fara mọ́: ìkọ́ tó ń di òrùka irin iwájú tírélà mú, tírélà á sì lè yí bó ṣe fẹ́. Ariwo rẹ̀ pọ̀ o!

Ẹ má fi bọ́ọ̀lù fa ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀ láéláé. Ó lè kán, kó fò bí ọta ìbọn. Ṣákù (irin tó tẹ̀ bíi U, tí wọ́n fi píìnì dé lẹ́nu) tó wà lára ṣáṣí ni kẹ́ ẹ so okùn mọ́.