Ọyẹ́ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán lórí dígí

Dígí férémù àtijọ́ kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá mi ní Tánkẹ̀, nílùú Ìlọrin, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an. Mo fi sẹ́lótéèpù wé etí rẹ̀ kó má baà gé mi lọ́wọ́. Monotype ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà: ẹ ó fi ọ̀dà ya àwòrán sórí ohun tí kì í fa omi, ẹ ó tẹ́ bébà lé e, ẹ ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ gbogbo ara rẹ̀, ẹ ó sì rọra ṣí i. Ẹyọ kan péré ló máa ń yọ dáadáa. Èkejì á ṣá bí òjìji. Degas, ayàwòrán ará Faransé nì, máa ń kun irú èkejì bẹ́ẹ̀ padà, ṣùgbọ́n èmi ò ní sùúrù yẹn.

Acrylic, ọ̀dà olómi tó máa ń yára gbẹ, ni mo rà. Ọ̀kan tó jókòó nínú àwọn ère òkúta àtijọ́ ìlú Ẹ̀sìẹ́ ni mo fẹ́ yà. Kí n tó ya ojú ère náà tán, ọ̀dà ẹnu rẹ̀ ti gbẹ. Ibi kan ò mú bébà rárá, ibòmíì lẹ̀ mọ́ dígí, bébà ya. Bébà mẹ́sàn-án ló bá ọ̀sán yẹn lọ.

Màmá mi ń po ẹ̀kọ lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Bu ẹ̀kọ sí i jàre, bóyá á rọ̀." Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tó ti tutù, tí mo fi asẹ́ yọ kókó inú rẹ̀, ṣíbí kan sí ṣíbí ọ̀dà kan, òun ló gbà mí. Kò gbẹ kíákíá mọ́. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni mo fi ha irun ère náà, ìlà tín-ín-rín sì jáde funfun.

Ẹ tún rẹ bébà sínú omi díẹ̀, kí ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì méjì há a láàárín títí kò fi ní dán mọ́. Ẹ pa fáànù.

Ọwọ́ ọ̀tún máa ń di ọwọ́ òsì lórí bébà o. Orúkọ mi tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀, inú dígí ìwojú nìkan ló ti ṣeé kà.

Ìkìlọ̀ kan kù: aáyán ti jẹ etí méjì nínú àwọn àwòrán mi kí n tó mọ̀ pé ẹ̀kọ ni wọ́n ń wá. Inú ike onídèérí ni mo ń kó wọn sí báyìí.